Lẹ́tà sí Bàbá mi tó ṣòwò òṣómàáló

Bàbá mi,

Àwọn tó ń kun ilé yín ní Ìsọ̀kùn ló já kàlẹ́ńdà 1992 yẹn sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án nígbà ayé yín, àwa náà ò sì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí ẹ lọ. Eruku ti bò ó, ṣùgbọ́n bíró pupa yín ṣì hàn: orúkọ oníbàárà, iye owó aṣọ tó kù lọ́rùn rẹ̀, ọjọ́ tó dá. Oǹdó. Ilé-Olújì. Adó. Àwọn èèyàn ti ń sọ nígbà yẹn pé ayé ti kọjá aṣọ àwìn, ẹ̀yin ṣì ń di ẹrù yín.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá láti fi hàn wá bí ẹ ṣe ń ṣe sí ajigbèsè. “Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi!” Àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, Yèyé á ní kí ẹ dìde kí orúnkún má baà dùn yín. Ẹ ó wá yíjú sí wa, ojú yín á le díẹ̀, ẹ ó ní ọjọ́ tí èèyàn méjì bá jọ dá, gbèsè ni.

Mo wá oṣù kejì lórí kàlẹ́ńdà náà. Ọjọ́ 15, Sátidé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: “Àjíkẹ́, ilé-ìwé.” Ẹ fa ìlà lé e lórí. Ẹ kọ “Oǹdó” sókè rẹ̀.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gbà pé ẹ gbàgbé ni. Mo ti dárí ìgbàgbé jì yín. Ìlà pupa yìí ni mi ò mọ ohun tí màá ṣe sí.

Sátidé àbẹ̀wò àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Aago mẹ́jọ ni mo ti jókòó sí iwájú géètì. Ìyá ọmọ kíláàsì mi kan bu ìrẹsì fún mi, mo ní mi ò jẹ, pé bàbá mi ń gbé mọ́ínmọ́ín bọ̀. Ó tún bù ú wá lọ́sàn-án, mo tún kọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́fà, ìyá yẹn ti lọ, ebi wá ń pa mí gan-an. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ yọ pẹ̀lú búrẹ́dì méjì. Ẹ ní, “Ìyá ẹlẹ́ja Oǹdó ló yẹ ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.” Kò sí “pẹ̀lẹ́” kankan níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó ilé-ìwé mi náà lẹ lọ gbà, Yèyé sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja sún ọjọ́ tiẹ̀, ẹ̀yin náà sún tèmi. Ẹ rí ẹnu ọ̀nà tí ẹ lóṣòó sí. Ẹnu ọ̀nà ta ni kí èmi lóṣòó sí?

Ohun tó mú mi máa bi yín báyìí ni pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ọ̀gá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Láti ọ̀sẹ̀ yìí, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìsinmi rẹ.” Ó parí. Nígbà tí wọ́n gbà mí, a jọ sọ ọ́ ni: Ajé sí Ẹtì. Wọ́n ní bí n kò bá ní í wá ní Sátidé, owó mi á fi ẹgbẹ̀rún 15 náírà dín sí ti àwọn yòókù. Mo gbà, a jọ buwọ́ lùwé. Oṣooṣù ni mo ń ra Sátidé mi, Bàbá. Wọ́n gba Sátidé náà lọ́wọ́ mi, wọn ò dárúkọ owó rẹ̀.

Àbúrò wa tó ń ṣe lọ́yà sọ pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù 3, bí ohun kan bá sì yí padà nínú rẹ̀, kí ó fìwé sọ ọ́ láàárín oṣù 1. Ó ní wákàtí iṣẹ́, ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí ni. Ìsinmi ọjọ́ 1 nínú ọjọ́ 7 jẹ́ dandan, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n fún mi, ibẹ̀ yẹn kò gbè mí. Ó ní kí n kọ lẹ́tà pé n kò fara mọ́ ọn, kí n tọ́jú ẹ̀dà kan, nítorí bí mo bá ń lọ láìsọ̀rọ̀, wọ́n lè ní mo ti gbà. Mo kọ ọ́. Inú báàgì mi ló wà láti ọjọ́ Ajé.

Sátidé ni ẹni tó ń tọ́jú Yèyé máa ń lọ sílé. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo sì ń bá wọn na ọwọ́ òsì tó rọ yẹn bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwòsàn Wẹ́sílì. Ta ni kí n wá? Iye wo ni kí n fún un? Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí sì ni àbẹ̀wò ọmọ mi. Ó fi fóònù mátírọ́ọ̀nù pè mí, ó ní kí ni màá gbé wá. Mọ́ínmọ́ín ni mo dá a lóhùn, kí n tó rántí.

Mo tún yẹ kàlẹ́ńdà yín wò kí n tó jókòó kọ èyí. Mo wá ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ fi wá, ọjọ́ 18. Ẹ ò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Èmi ni,
Àjíkẹ́ yín.