Ẹ bá mi kí ará ọ̀nà Ṣakí

Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn kan tí n kò mọ orúkọ wọn, tí n kò sì ní nọ́ńbà fóònù wọn.

Ẹni ọdún 58 ni mí. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mo gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, mo gba Ọ̀yọ́ dé Ìsẹ́yìn, mo gba Òkehò lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ṣakí. Ọ̀nà náà lé ní 150 kìlómítà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gùn ún. Kò sẹ́ni tí kò bá mi wí kí n tó kúrò nílé. Wọ́n ní ajínigbé wà lọ́nà. Wọ́n ní bí mo bá ṣubú, ẹni tí kò mọ̀ mí kò ní bojú wẹ̀yìn. N kò bá wọn jiyàn, torí ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ lórí rédíò ni wọ́n ń sọ.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ òfì kan tó ń palẹ̀ iṣẹ́ mọ́ rí mi níbi tí mo ti ń wá ilé ìtura, ó ní owó tí mo fẹ́ fi sùn, kí n tọ́jú rẹ̀. Ilé rẹ̀ ni mo sùn. Ìyàwó rẹ̀ ro àmàlà lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹran tí wọ́n bù fún mi sì ju ti baálé ilé lọ. Mo rí i. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. N kò mọ iye tí wọ́n jẹ nítorí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá Fúlàní kan tó ń kiri wàrà bù fún mi, ó kọ owó. Mo fẹ́ kí ẹ tẹ èyí náà jáde, nítorí orúkọ tí à ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ lákòókò yìí.

Lẹ́yìn Òkehò ni táyà ẹ̀yìn jò, lọ́sàn-án gangan. Mo tì í dé abúlé kan, mo bá fọ́kánáísà lábẹ́ igi máńgòrò. Iṣẹ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, dírẹ́bà sì dúró tì í. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó ná," ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ bu omi wá. Omi àmù ni. Mo mu ún tán kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Dírẹ́bà yẹn fúnra rẹ̀ ló ní kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Ó yọ tíúbù, ó rì í sínú àwo omi, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí omi fi hó níbì kan. Ẹ̀gún ni, kò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó ha ojú ibẹ̀, ó gé tíúbù àlòkù ní róbótó, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu kó lè gbẹ. Baba arúgbó kan ti jáde sí wa, ó ń fọwọ́ pa ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó ní Raleigh lòun fi ń kó ewé tábà lọ sí Ìsẹ́yìn nígbà tí tábà ń mówó wọ Òkè-Ògùn.

Mo bi fọ́kánáísà pé èló ni. Ó ní, "Ẹ bá mi kí ará Ṣakí." Mo na owó sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó yíjú sí táyà ọkọ̀ tó fi sílẹ̀.

Ẹ̀ ń gbé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ ibi, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ kí èèyàn lè ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà làwọn wọ̀nyí wà, kò sì sẹ́ni tó ń kọ̀wé nípa wọn. Òǹkàwé yín tó bá ń gba ọ̀nà Òkehò sí Ṣakí, kó wo abẹ́ igi máńgòrò lápá ọ̀tún. Kó bá mi sọ fún un pé mo kí wọn ní Ṣakí, pé tíúbù náà kò tíì jò.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn