Ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ ní kí n wádìí

Ithaca, New York

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo kí Ìyá Túndé àti àwọn ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé owó oògùn wọn á dé kí oṣù yìí tó parí.

Ẹ bi mí bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ta igi ẹ̀gẹ́ fún yín, pé wọ́n ti yẹ DNA igi náà wò, ẹ sì tún bi mí pé ṣé kì í ṣe àwọn tó ń pa jíìnì (apá DNA tó ń darí ìwà igi) dà nìyẹn. Rárá o. Ẹni tó ń yẹ àmì inú DNA wò, ìyẹn ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí jíìnì wà, kò fi nǹkan kan kún ẹ̀gẹ́. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi kan ni wọ́n mú kan òdòdó igi mìíràn, bí oyin ṣe máa ń ṣe. Ohun tí DNA bá wọn dín kù ni ọdún tí wọn ì bá fi dúró kí wọ́n tó mọ ọmọ tó dára nínú èyí tí kò dára.

Ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Òdòdó abo ló ń ṣí ṣáájú akọ lórí ẹ̀gẹ́. Wọ́n á fi àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo abo kó tó ṣí, wọ́n á fi akọ tí wọ́n yàn kàn án, wọ́n á sì so nọ́ńbà mọ́ ọn. Èso kan kì í ní ju irúgbìn mẹ́ta lọ, ó sì ń tó bí oṣù mẹ́ta kó tó gbó; bí wọn kò bá fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, á là pàù, irúgbìn á fọ́n sínú koríko. Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Igi kan tó hù kì í fún yín ní ju bí ọ̀pá mẹ́wàá lọ fún gbígbìn lọ́dún kejì, nítorí náà láti orí òdòdó títí dé orí igi tí wọ́n lè kó fún àgbẹ̀, ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ yẹn, wọ́n á dà á nù ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó ilẹ̀ àti owó ẹni tó ro oko.

Àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́, tó ń sọ ọ́ di aláwọ̀ tútù òun pupa rúsúrúsú, ni wọ́n kọ́kọ́ fi àmì ṣiṣẹ́ lé lórí. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Eṣinṣin funfun tíntìntín tó máa ń bà sábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, àwa náà sì ń gbé e nígbà tí a bá gé igi tó ti ní in gbìn. Ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà kan wà tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, pè ní TME3, àrùn náà kì í ràn án bẹ́ẹ̀. Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ kọ ọ́ jáde pé ibì kan ṣoṣo nínú DNA rẹ̀ ni agbára yẹn wà. CMD2 ni wọ́n sọ ọ́. Ó wà lórí okùn DNA kejìlá nínú méjìdínlógún tí ẹ̀gẹ́ ní. Ẹ̀gẹ́ TME419 tí ẹ mọ̀ náà ní in, èyí tí àwọn ará Tógò ń pè ní Gbazekoute. Ìgbà tó di 2022 ni ìwádìí tó fọwọ́ sọ jíìnì náà gan-an jáde, MePOLD1. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yan ẹ̀gẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Àmì yàtọ̀ sí jíìnì. Bí ẹni pé wọ́n júwe ilé alágbẹ̀dẹ fún yín ni, wọ́n ní igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí igi náà bá sún mọ́ ilé yẹn, ẹ kò ní ṣìnà. Bó bá jìnnà, ẹ lè bá igi kí ẹ má bá alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá ń ṣe òdòdó, okùn DNA ìyá àti ti bàbá máa ń já, wọ́n á sì so pọ̀ padà ní ọ̀nà mìíràn. Ọgọ́rùn-ún ọmọ tí àmì àti jíìnì bá ti jìnnà díẹ̀ síra wọn, ọ̀kan tàbí méjì á wà tí àmì rẹ̀ ń parọ́. Ju ìyẹn lọ, àwọn mìíràn náà gbin àgbálùmọ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn láìjẹ́ alágbẹ̀dẹ: ẹ̀gẹ́ ìlú mìíràn lè ní àmì yẹn láìní agbára kankan. Ẹni tó bá gba àmì láti ibòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ tó mọ ìwà wọn nínú oko.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le tó ariwo rẹ̀. Ewé orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni kí wọ́n mú, kì í ṣe èyí tó gbó. Oje ewé tó gbó kì í jẹ́ kí oògùn ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi irin lu ẹyọ róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 6, wọ́n á jù ú sínú àwo oníhò 96, wọ́n á nu irin náà kí wọ́n tó kan igi tó tẹ̀ lé e. Kí ewé náà gbẹ kíákíá, pẹ̀lú kóró tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á hu. Ihò méjì ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà ní igun kan náà. Bí ẹnì kan bá yí àwo po, tí iwájú di ẹ̀yìn, òfìfo tó bọ́ sí igun òdìkejì ló máa tú u fó. Bí kò bá sí ìyẹn, nọ́ńbà gbogbo igi ti dojú rú, wọ́n á pa ọmọ dáadáa, wọ́n á sì tọ́jú pàǹtí. Àṣìṣe yìí ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju ẹ̀rọ tó bà jẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ á máa gbóná á máa tutù nígbà bí márùndínlógójì, kí apá DNA tí wọ́n ń wá lè pọ̀. Àwọ̀ méjì ni wọ́n fi sí i. Igi tó gba àmì náà lọ́wọ́ ìyá àti bàbá á tan àwọ̀ kan, èyí tí kò ní in rárá á tan èkejì, èyí tó gba ẹyọ kan á tan méjèèjì. Èyí tó bá dúró sí àárín tí kò ṣe tìhín ṣe tọ̀hún, DNA rẹ̀ ló kéré. Kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n má ṣe méfò. Bí ihò òfìfo bá tan, nǹkan ti ta sí gbogbo àwo. Ẹyọ kan CMD2 tó fún ẹ̀gẹ́ láti dènà àrùn, nítorí náà bí òbí kan bá ní ẹyọ kan tí èkejì kò ní, ìdajì ọmọ ló yẹ kó ní in. Bí òbí méjèèjì bá ní ẹyọ kan kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Bí iye tó jáde bá jìnnà sí èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bàbá tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ ni bàbá.

Ẹ̀gẹ́ pupa, èyí tó ní fítámì A, ni kí ẹ fi kọ́gbọ́n. Mẹ́ta ni Nàìjíríà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2011. Jíìnì tó ń mú kó pupa wà lórí okùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀gẹ́ Áfíríkà, ibẹ̀ náà ni ohun tó ń dín ìyẹ̀fun kù wà. Ẹni tó bá ń fi àmì àwọ̀ nìkan yàn, á kó omi jọ sínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, Ìyá Túndé á sì bèèrè ibi tí gàrí wọlé sí. Ìwọ̀n ìyẹ̀fun àti bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń ta, jíìnì púpọ̀ ló ń darí wọn, kò sí àmì kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì ni wọ́n ń kà pọ̀ fún ìyẹn. Iṣẹ́ tí ètò ìwádìí NextGen Cassava bẹ̀rẹ̀ ní 2012 nìyẹn, láti yunifásítì Cornell níbí pẹ̀lú IITA Ìbàdàn àti ilé ìwádìí Umudike. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wú nínú oko kó tó lè sọ ti èyí tí wọn kò tíì wú, bí ìran bá sì ti ń jìnnà, àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á máa yẹ̀, àfi kí wọ́n tún padà sóko.

Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń yan akọ màlúù oníwàrà níbí láti 2009, àmì tó lé ní 50,000 lára ọmọ màlúù kan. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á dúró bí ọdún márùn-ún kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó máa fún wàrà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ronú rẹ̀ fún ewúrẹ́ yín. Níbi tí kò bá ti sí ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹran àti wàrà sí, àmì kò ní ohun tó fẹ́ kà.

Ó ku ti ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ ta igi fún yín. Ẹ bi í pé DNA wo ni wọ́n yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ láti mọ̀ pé TME419 ni lóòótọ́, ó dára, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe igi lọ́jà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì ti wà nínú igi náà; àyẹ̀wò mìíràn ni ti fáírọ́ọ̀sì. Ẹ lọ wo oko tí wọ́n ti gé e kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ewé orí. Kí igi náà ti pé oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, kí ẹ lo àárín rẹ̀, kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kó ní ojú márùn-ún ó kéré tán. Hẹ́kítà kan, ní mítà kan sí mítà kan, jẹ́ 10,000 ọ̀pá: ìdì 50, bí ìdì kan bá jẹ́ igi 50 oní-mítà-kan tí ẹ gé sí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ béèrè ìwé àjọ irúgbìn, NASC, lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ má sì gba igi tí wọ́n bá sọ pé ó wá láti apá ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àrùn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ rà nínú ilẹ̀ nígbà tí ewé ṣì dára lójú.

Ìdì méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí ẹ ti ń rí i, kí ẹ ya fọ́tò ewé rẹ̀ fún mi lóṣù kan àti oṣù mẹ́ta. Ẹ má fi ewé tàbí igi kankan rán ẹnikẹ́ni sí mi o, wọ́n á gbà á ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, ẹni tó gbé e á sì rí ìjọ̀gbọ̀n.

Èmi ni àbúrò yín,
Dèjì