Èsì Màmá

Òkè-Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn
Ọjọ́ 28, Oṣù Kejìlá, Ọdún 2022

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọdún, o kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Orúkọ rẹ jáde lórí rédíò, Màmá sì gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná, nítorí mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò ní balẹ̀ látọjọ́ Àìkú. Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ìkankan bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí Kérésì ṣe bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lọ́dún yìí, mo ti pinnu pé Màmá kò ní dá jókòó. Eékún òsì yẹn kò jẹ́ kí ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bẹntiróòlù wá wọ́n bí ojú, àwọn ọlọ́kọ̀ ń sùn sí ilé epo, ni mo bá fẹsẹ̀ rìn dé Yemẹtu. Aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ rédíò.

Rédíò náà ṣì wà lórí tábìlì tí o mọ̀ ọ́n sí. Ẹ́ríàlì rẹ̀ ti kán, wáyà tí wọ́n fi ń gbé aṣọ kọ́ ni Màmá tì bọ ibẹ̀. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kán sí ojú gíláàsì rẹ̀ níbi tí Àmúlùdùn wà, ní 99.1, kí ojú má baà da òun láàárọ̀ kùtùkùtù. Kò sí iná láti ọjọ́ Ẹtì. Òkúta mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, ó ti sá wọn sóòrùn lánàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata gbígbẹ, títí tí wọ́n fi ń ta ọwọ́.

O ṣáà mọ̀ pé asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa ń pe rédíò. Màmá ò gba orúkọ yẹn gbọ́. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń fún un lésì, tí mo sì jókòó tì í tí mò ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìsìn Kérésì sáfẹ́fẹ́, ó dìde jókòó dáadáa, ó wé gèlè, ó sì ń ṣe àmín sí gbogbo àdúrà bí ẹni pé àlùfáà ń wo òun lójú. Ìkéde wọlé pé bó bá di ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní, igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ kò ní ṣe é ná mọ́. Màmá ní, "Tuntun ọ̀hún dà? Ẹ fi hàn wá ká rí i." Àwọn òṣèlú náà polówó ara wọn, torí ìbò oṣù Kejì. Ó ní, "Ẹ kú àtijọ́, ọdún kẹrin tún pé."

Ó yí i sí Premier, ó yí i sí Fresh, ó tún padà sí Àmúlùdùn. Ewì ń lọ níbì kan, jùjú àtijọ́ ń lọ níbì kejì. Níbì kẹta, àwọn ọ̀dọ́ ń pè wọlé, wọ́n ṣì ń jà lórí bí Argentina ṣe fi pẹnáritì na Faransé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àpótí kan ló wà nílé bàbá òun, wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé láti orí òpó. Kò sí ibi tí èèyàn lè yí. Ohun tí wọ́n bá sọ ni wàá gbọ́. Bí o kò bá fẹ́, o pa á. Ọdún 1939 ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ dé Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ti Èkó, ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Màmá ní bàbá òun máa ń bọ́ fìlà bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, mo ní ká pa rédíò kí òkúta lè sinmi. Mo fi fóònù mi ṣí BBC, Ọba Charles ń kí àwọn èèyàn rẹ̀, aago mẹ́ta tiyín nìyẹn. Kérésì àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí oyè ni. Mò ń túmọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá a kẹ́dùn ìyá rẹ̀, Màmá tẹ orí ba. "Kábíyèsí, ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Ó dákẹ́ títí. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ó ní nígbà tí ìyá yẹn wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1956, àwọn tíṣà to àwọn sí ẹ̀gbẹ́ títì, àsíá kékeré lọ́wọ́ kálukú, oòrùn ń pa wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìbọ̀wọ́ funfun tó ń jù sókè nínú mọ́tò nìkan ni òun rí.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni ètò ìkíni. Mo tan rédíò, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Wọ́n ń ka orúkọ lọ, wọ́n kí Ìyá Ìjọ kan, wọ́n kí àwọn ará Ọjà-Ọba. Ó ń kú lọ. Bùnmi, mo sáré! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tì. Bàbá ilé kejì ló yọ òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún mi, kò tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Bí mo ṣe dé ìdérí ẹ̀yìn rédíò padà, ohùn yọ gbùà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ń sọ pé: "Màmá wa ní Yemẹtu, Olúbùnmi ọmọ yín tó wà ní Leeds ní kí a kí yín kú ọdún. Ó ní ẹ kú àdúrótì, ó ní ojú á ríra."

Màmá dìde dúró. Eékún yẹn náà o! Ó di etí tábìlì mú, ó gbé ẹnu sún mọ́ rédíò gan-an, ó ní, "Bùnmi, mo gbọ́ o."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ lésì. Mo ní kó dúró kí n wá bírò, nítorí rédíò kò ní bá a jẹ́ ẹ. Ohun tó ní kí n sọ nìyí. Ó ní kí o máa wọ ibọ̀sẹ̀ sùn. Ó ní aṣọ òfì rẹ tó wà nínú àpótí, kòkòrò kò jẹ ẹ́, òun ń sá a sáfẹ́fẹ́ lóṣooṣù. Ó ní òun ti dárí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà jì ọ́, o mọ èyí tí òun ń wí. Ó ní kí o yé fi owó ṣe ìkíni, kí o tọ́jú rẹ̀ kún owó bàálù.

Àmọ́ nígbà tí mo ń dágbére, ó bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n tún máa ṣe irú ètò yẹn. Mo ní Àìkú tó ń bọ̀, ọjọ́ kìíní ọdún. Ó tú ṣẹ́ńjì ní ìdí ìró, ó ní kí n bá òun ra òkúta tuntun mẹ́ta.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Rónkẹ́