Ìtàn Pápákọ̀ Òfurufú Takoradi Kan Àwa Náà

Sí Olóòtú,

Bí ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú ti gba ẹnu wa kan ní Adó-Èkìtì, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ti Takoradi, èyí kékeré tó wà létí òkun Gánà. Nígbà tí Ítálì wọ Ogun Àgbáyé Kejì ní 1940, tí òkun Mẹditaréníà sì di eléwu, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú bàálù jáde nínú àpótí onípákó, tí wọ́n ń to apá rẹ̀ mọ́ ọn lára, kí ó tó gba Èkó, Kánò àti Maidúgùri lọ sí Káírò. Orí ilẹ̀ wa ni wọ́n gbà! Síbẹ̀, kò sí nínú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ mi ń kà, ó sì ń dùn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àwọn àgbà Èkìtì tó gbé Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní 1969, kí ẹ gba ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì