Lẹ́tà sí Mongo Santamaría, onílù ọmọ Havana ní Cuba

Bàbá mi àtàtà,

Láti ọdún 2003 tí ẹ ti papòdà ní Miami, ìlù yín kò tíì kúrò létí mi. Ẹjọ́ kan ni mo fẹ́ bá yín dá. Àwọn olólùfẹ́ jazz kan máa ń sọ pé ìgbà tí ẹ da soul àti funk, orin ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, pọ̀ mọ́ ìlù Cuba lẹ ba iṣẹ́ yín jẹ́, pé owó lẹ ń lé kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú.

Ṣé wọ́n gbàgbé bí "Watermelon Man", orin yín tó lókìkí, ṣe bẹ̀rẹ̀ ni? Ilé fàájì kan ní Bronx, ní New York ni, èèyàn ò tó nǹkan níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Herbie Hancock, ọ̀dọ́mọdé nígbà yẹn, ló ń bá yín tẹ dùùrù fúngbà díẹ̀. Ẹ̀yin àti Donald Byrd, afọnfèrè jazz, wá ń jíròrò lórí ohun tó pa orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ti Cuba. Donald ní kí Herbie tẹ "Watermelon Man", orin tí Herbie fúnra rẹ̀ kọ, fún yín. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ bọ́ sídìí kóńgà, ìlù gígùn tí ẹ máa ń fi ọwọ́ lù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ń bá a gbè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a tó wí, àwọn tó jókòó ti dìde, ijó ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ gba orin náà sílẹ̀, nígbà tó sì di 1963, ó wọ ipò kẹwàá lórí àtẹ Billboard, tí wọ́n fi ń to àwọn orin tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá lu bàtá fún Ṣàngó tí ẹlẹ́gùn ò gbẹ́sẹ̀, kí ló lù? Ẹ ti mọ ìyẹn láti Jesús María, àdúgbò tí wọ́n bí yín sí ní 1917. Fáolíìnì ni wọ́n kọ́kọ́ fà lé yín lọ́wọ́ lọ́mọdé, ìlù lọkàn yín ń fẹ́. Ẹ pín lẹ́tà kiri ìgboro Havana lọ́sàn-án, ẹ ń lùlù lálẹ́. Àwo tí ẹ pè ní Changó ní 1955, ìlù àti orin ìbílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Cuba ni, láìlàbùlà. Ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé ẹni tó ṣe ìyẹn ò mọ ìdílé ìlù?

Nínú "Afro Blue" tí ẹ ṣe ní 1959, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń lọ lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, bí agogo wa ṣe máa ń ṣe é gan-an. John Coltrane, ọ̀gá afọnsaksofóònù jazz, pàápàá gbé orin náà ṣe. Nígbà tí ẹ sì wá gba "Cloud Nine" lọ́wọ́ àwọn Temptations, ẹgbẹ́ olórin soul, ọwọ́ kan náà ló wà lójú awọ.

Nílé níbí, àkúbà là ń pe ìlù tó jọ tiyín, àwọn alápàlà àti àwọn oníjùjú ń lò ó. Èmi náà ń lù ú. Bí ọ̀dọ́ kan bá bi mí léèrè bí ó ṣe yẹ kí ọwọ́ rí, ìlù ẹ̀yin àti Ray Barretto, onílù kóńgà bíi tiyín, ní Yankee Stadium ní New York lọ́dún 1973 ni mo máa ń fi sí i létí. Ẹ fi ìlù bára yín sọ̀rọ̀ títí ara èrò ò fi gbà á mọ́. Wọ́n fò wọ pápá, wọ́n ya lọ bá yín nídìí ìlù, eré sì tú ká.

Èmi ni,
ọmọ yín aláàkúbà, ní Ìbàdàn.