Mọ́tò wíwà ní Òṣogbo kò tó fún ọmọ tó ń lọ sórí yìnyín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà ni mò ń ṣe jẹun ní agbègbè Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo. Lóde òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò lọ sí Abéré tàbí Ìkìrun. Wọ́n ti gba físà. Kánádà ni wọ́n ń lọ, àwọn mìíràn ń lọ sí Jámánì tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á kọ́ṣẹ́, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì, ọkàn àwọn òbí á sì balẹ̀ pé ọmọ àwọn ti mọ mọ́tò wà. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Àṣà tó ti mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn lára ní Òṣogbo lè pa wọ́n lórí yìnyín. Oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni púpọ̀ nínú wọn ń gbéra nítorí ìwọlé ilé-ẹ̀kọ́, òjò dídì kì í sì í pẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Ẹ wo bí a ṣe ń wakọ̀ níbí. Kọ̀rọ̀pẹ́ dúró gbé èrò lójijì ní Ọlaiya, a tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ gbì. Ọ̀kadà já lu iwájú wa, a já sítíárìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. A sún mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú pẹ́kípẹ́kí, torí bí a bá fàyè sílẹ̀, Márúwá á ti kó sí i. Ẹni tó mọ gbogbo èyí ṣe là ń pè ní awakọ̀ gidi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí èèyàn gbọ́dọ̀ dán wò lórí yìnyín. Táyà kò rí ilẹ̀ dì mú níbẹ̀. Bí èèyàn bá já sítíárìn, imú ọkọ̀ á kọjú síbì kan, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á máa yọ̀ lọ síbòmíràn.

Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìrìn tí ọkọ̀ máa rìn kó tó dúró lè di ìlọ́po mẹ́wàá lórí yìnyín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 48 ní wákàtí kan á lo mítà 23 lórí títì gbígbẹ. Lórí yìnyín, ó lè tó mítà 230. Pápá bọ́ọ̀lù méjì tí a tò tẹ̀léra kò tó o. Mo máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹsẹ̀ rìn ín létí títì, torí ẹnu lásán kì í jẹ́ kí wọ́n gbà. Ẹni tó bá rìn ín tán ló máa ń yé ìdí tí mo fi ń pariwo pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀.

Mo lo ìgbà òtútù kan lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Winnipeg, ní Kánádà, mo sì ń jókòó tì í bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Kó tó ṣí ọkọ̀, ó máa ń ha gbogbo gíláàsì mọ́, á gbá òjò dídì orí òrùlé ọkọ̀ dànù, torí bó bá tẹ búréèkì, gbogbo rẹ̀ lè ya bo gíláàsì iwájú. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù bó bá rí iná pupa. Orí afárá ló ń bà á lẹ́rù jù. Atẹ́gùn òtútù ń gba òkè àti abẹ́ afárá kọjá, ìdí nìyẹn tó fi ń dì ṣáájú títì yòókù. Yìnyín mìíràn mọ́ gaara débi pé ọ̀dà títì hàn lábẹ́ rẹ̀. Èèyàn á rò pé omi lásán ló wà níbẹ̀. Èyí ló burú jù, torí ojú kì í rí i.

Bí ọkọ̀ bá wá ń yọ̀, kí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kó wo ibi tó fẹ́ lọ, kó sì rọra darí sítíárìn síbẹ̀. Bó bá di dandan kó tẹ búréèkì, tí ọkọ̀ náà sì ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ búréèkì, kó tẹ̀ ẹ́ kó má ṣe tú u sílẹ̀. Búréèkì á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe, kò bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ táyà tún wà ńlẹ̀. Bí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 7°C lọ, rọ́bà táyà ìgbà ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àwòrán òkè orí mẹ́ta tí òdòdó yìnyín wà láàárín rẹ̀ ni kí wọ́n wá lára táyà ìgbà òtútù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí wọ́n sì pààrọ̀. Ní Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, òfin ló mú un láti 1 oṣù Kejìlá títí di 15 oṣù Kẹta. Kí ṣọ́bìrì, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti yanrìn díẹ̀ wà ní búùtù. Bí ọkọ̀ bá sì há sínú òjò dídì, kí wọ́n yẹ ẹnu sálẹ́ńsà wò kí wọ́n tó jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bó bá dí, irú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé lóru níbí náà ni yóò wọlé bá wọn.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi láísẹ́ǹsì lé ọmọ ẹni lọ́wọ́ láìsọ èyí fún un. Ẹni tó bá yege ìdánwò wọn lóhùn-ún ní oṣù keje kò tíì fojú kan yìnyín rárá. Kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó jókòó tì í níbi tó ṣófo, kó tó dá jáde sórí títì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti ra mọ́tò. Bọ́ọ̀sì wà ní Winnipeg. Nígbà òtútù, aago méjì ọ̀sán tiwa ni aago méje òwúrọ̀ wọn, àsìkò tí ọ̀pọ̀ wọn wà lórí títì yíyọ̀ náà. Ẹ béèrè aago tí ọmọ yín ń wakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa pè é ní aago mìíràn.

Olùkọ́ awakọ̀ kan,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.