Kí Ni Ti Ọkọ Àkọ́kọ́ Nínú Ẹjọ́ Ẹni Tí Mọ́tò Gbá?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò yéé bí mi nínú. Obìnrin olóbì tí mọ́tò gbá lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde yóò fi ọ̀pá gòkè lọ jẹ́rìí kó lè gba owó gbà-má-bínú, ìbéèrè tí lọ́yà olùjẹ́jọ́ yóò kọ́kọ́ bi í ni pé ọkọ mélòó ló ti fẹ́. Kí ló kan ọkọ nínú ẹsẹ̀ tó kán?

Abala 78 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ti sọ ọ́: nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, a kò gbọdọ̀ fi irú èèyàn tí ẹnì kan jẹ́ ṣe ẹ̀rí pé ó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe tàbí pé kò ṣe é, àfi bí ó bá hàn nínú ohun mìíràn tó kan ẹjọ́ náà. Abala 79 gbà á láyè níbi tí ìwà ẹni bá ti lè mú owó tó yẹ kó gbà dín tàbí lé. Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ni èyí bá mu jù, torí orúkọ gan-an ni wọ́n ń díye lé níbẹ̀.

Ìtàn olóbì yẹn wúlò o, ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ti ara rẹ̀ àti ti iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀? Kí wọ́n mú káàdì ilé ìwòsàn wá. Bí eegun rẹ̀ bá tiẹ̀ gbó ju ti ẹlòmíràn lọ, ẹni tó gbá a kò lè torí ìyẹn bọ́. Bó ṣe bá a ni yóò ṣe gbà á. Èló ló ń rí lọ́sẹ̀? Ibí ni àwọn ìyá wa ti ń pàdánù jù. Owó tí ẹni bá dárúkọ pé òun pàdánù ní pàtó, kóòtù fẹ́ ẹ̀rí tó múná lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ olóbì kò gé rìsíìtì rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní káàdì alájọ. Wọ́n ní ìwé báńkì. Wọ́n ní oníbàárà Hausa ní Sábó tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tipẹ́, àti ìyálọ́jà tó mọ iye agbọ̀n obì tí wọ́n ń dì. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí lọ́yà wá kàn.

Lọ́yà lẹ́tọ̀ọ́ láti dán òótọ́ ẹlẹ́rìí wò, n kò bá a jà. Ẹni tó bá ti purọ́ ní kóòtù rí, kí wọ́n bi í. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fún adájọ́ lágbára láti dá ìbéèrè ẹ̀gàn dúró. Ẹ̀yin Olúwa mi ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, mo bẹ̀ yín, ẹ lò ó kí obìnrin tó bú sẹ́kún. Ẹ̀yin lọ́yà olùpẹjọ́ náà, ẹ má jókòó, ẹ dìde kíá.

Èmi ni,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì,
Mákùn, Ṣágámù.